Onyeabor Ni Mo Ń Wá

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́nnẹ́ lónìí, tí ẹ ní Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù lẹ ń wá, ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú tó bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n sì sin ín sí, ìlú tí Tai Ṣólàárín dá Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni ń jókòó lásán di olókìkí. Èmi jókòó lásán ni, nídìí kọ̀ǹpútà, lálẹ́ ọjọ́ kan.

William Onyeabor ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó máa ń bá wọn wa ọkọ̀ obì láti Ṣàgámù lọ sí òkè Ọya ló gbé àwo rẹ̀ wálé nígbà tí mo ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, orin tí mo mọ̀ ni èyí tí èèyàn ń fi ẹnu kọ, tí èèyàn ń fi ọwọ́ lù. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé sórí giramafóònù, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń hanrun, ó ń súfèé, ó ń kùn, ó ń yí ohùn padà lójijì, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan yóò wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn obìnrin yóò sì máa gbè é. Ìyá mi sáré jáde láti ibi ìdáná, ó ní kí wọ́n tètè pa á, pé ẹ̀rọ náà ti fẹ́ jó. Èmi ní tèmi, ẹnu mi kò padé títí alẹ́.

Ọmọ Ìgbò ni Onyeabor, Enugu ló sì ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín 1977 sí 1985 ó gbé àwo mẹ́jọ jáde. Òun ló kọ ọ́, òun ló gbà á sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Wilfilms, ló sì tẹ̀ ẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kíbọ́ọ̀dù wọ inú jùjú lóòótọ́. Ó wà nínú Synchro System tí Sunny Adé ṣe ní 1983, nígbà tí Shina Peters sì fi Ace gba gbogbo òde àríyá ní 1989, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ayé ti yí. Ṣùgbọ́n nínú jùjú, àlejò ni kíbọ́ọ̀dù. Gángan àti gìtá ló nilé. Nínú ilé Onyeabor, síńtísáísà ni baálé. Lẹ́yìn 1985, ọkùnrin náà pa orin tì, ó gba Jésù, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè àwọn àwo àtijọ́ mọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà kó àwọn orin rẹ̀ jọ tún tẹ̀ jáde ní 2013, ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe orúkọ àwo náà: ta ni William Onyeabor? Ó kú ní January 2017, kò dá wọn lóhùn.

Mo ka gbogbo ìyẹn lórí fóònù, mo sì sọ fún ara mi pé bí kò bá fẹ́ sọ bó ṣe ṣe é, èmi yóò fi etí wá a. Èmi tí mo ń tún fóònù ṣe láti Mọ́ńdè dé Sátidé, tí mo sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Orin tí mo mú ni "Good Name", ti 1983, tó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ète wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá sọ fún Bàbá Ìjọ pé mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ìjọ ṣe orin ijó, a ó jọ gbàdúrà lé mi lórí. Nítorí náà mo lọ bá wọn pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, mo ṣí Òwe orí 22 ẹsẹ kìn-ín-ní, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, orúkọ rere. Orin ìkórè ni." Bàbá Ìjọ wo ẹsẹ náà, wọ́n wo mí, wọ́n ní kí n máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kí n má ṣe fọ́ sípíkà.

Kọ̀ǹpútà ìjọ, tòkúnbọ̀ ni. Ó ti dé láti Lagos pẹ̀lú ọrùn ṣíṣẹ́, kò ṣeé pa dé, aṣọ la fi ń bò ó. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó di ìgbà tó bá wà lẹ́nu ínfátà kékeré ìjọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Mo wá síńtísáísà ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní àwòkọ Minimoog tí Robert Moog àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé jáde ní 1970. Mo ra kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan tí kò ní ohùn tirẹ̀, tó jẹ́ pé wáyà la fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyàwó mi béèrè iye tí mo rà á, mo yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, kí ẹ lè mọ ojú ibi tí mo ti rì. Síńtísáísà kò ní ohùn kankan nínú. Iná ló wà nínú rẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí iná yẹn bá lọ tó bọ̀ nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn A tí àwọn olórin òyìnbó fi ń tún irinṣẹ́ wọn ṣe nìyẹn. Bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀ ló yàtọ̀: òmíràn ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó sì ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, eyín ayùn ni wọ́n ń pe ìyẹn, ó sì ń ta létí gan-an. Ẹ kò lè fi í kọrin bó ṣe wà. Ẹ ní láti sẹ́ ẹ. Bí ìyá ológì ṣe ń da àgbàdo lílọ̀ sórí aṣọ, tí èèrí ń dúró lókè tí omi funfun ń bọ́ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ tó wà nínú Minimoog ń dá ohùn òkè dúró tó ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá. Asẹ́ yìí lọkàn ẹ̀rọ náà. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá yí i kọjá ààlà, asẹ́ fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé láìjẹ́ pé ìgbì kankan gba inú rẹ̀ kọjá. Bọ́tìnnì mìíràn tún wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa bá yín yí àwọn tó kù, sókè sódò, sókè sódò, ní ìwọ̀n tí ẹ bá fún un. Kì í sinmi. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti lọ sílé, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Minimoog nìkan kọ́ ni mo dán wò o. Mo tún gbé èyí tó jẹ́ àwòkọ DX7 ti Yamaha sórí kọ̀ǹpútà, nítorí mo kà pé 1983 ni òun náà jáde, ọdún kan náà pẹ̀lú "Good Name". Ìyẹn kò ní asẹ́. Ọ̀gbẹ́ni John Chowning ní yunifásítì Stanford ló ṣàwárí ọ̀nà rẹ̀, pé kí ìgbì kan máa gbọn ìgbì kejì. Ìgbì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà 32 sì ni ẹ lè gbà tò wọ́n. Mo wá fèrè, agogo ló jáde. Mo wá báàsì, agogo ni. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní sùúrù, mo tẹ ẹ́: agogo. Mo padà sọ́dọ̀ Moog.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí kì í sí nílé lálẹ́. Bí mo bá ti pa ìsọ̀ dé, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó mi bò dè mí á tutù, á gan. Mo so íápíìsì mọ́ etí kan láti gbọ́ Onyeabor, mo fi etí kejì gbọ́ ara mi, mo ń yí bọ́tìnnì kan bí irun orí, mo ń yí i padà. Ẹ má bi mí ohun tí mo ń wá. Nínú orin náà, ohùn báàsì kan wà tó ń kùn lábẹ́, tó ń lọ́ra láti ohùn kan bọ́ sí èkejì láìgbé ẹsẹ̀. Ìlọ́ra yẹn ló gba oorun lójú mi. Onígángan kan nílùú yìí lè fi ọ̀já kan ṣe é láìronú. Èmi fi bọ́tìnnì tó tó ogójì wá a, kò wá.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹ̀, àwọn akọrin ti túká. Iná NEPA wà, ṣùgbọ́n kò lágbára, gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú. Ohùn tó ń jáde nínú ámúpù kéré, mo bá yí i sókè. Ó ṣì kéré, mo tún yí i. Mo so ìgbì eyín ayùn méjì pọ̀, mo mú ọ̀kan wálẹ̀ díẹ̀ sí èkejì kí wọ́n lè máa figa gbága, mo mú àwọn méjèèjì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo yí asẹ́ dé ibi tó ti fẹ́ máa súfèé. Mo ní kí bọ́tìnnì tí kì í sinmi máa gbé asẹ́ gòkè kó máa gbé e wálẹ̀, kó sì máa fa ohùn náà lọ́ pẹ̀lú. Mo fi ìka tẹ ohùn kan ní ìsàlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe Onyeabor. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ń ronú, ni NEPA bá mú iná lọ.

Ámúpù kú. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Inú bí mi. Mo tan iná fóònù, ìka mi ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà tí mo fi ọwọ́ kejì fa wáyà rẹ̀ yọ, mo gbé e sábẹ́ abíyá, mo fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà, mo tilẹ̀kùn, mo lọ sílé.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí ti ń di orí mú báyìí. Kíbọ́ọ̀dù wọ̀nyí, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti tẹ̀ mí. Bí ẹ bá gbé ìka kúrò, ó tún ránṣẹ́ pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Èdè tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ yìí, MIDI, láti 1983 náà ló ti wà. Bí ẹ bá fa wáyà yọ nígbà tí ìka ṣì wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ kejì kò ní dé láéláé. Kọ̀ǹpútà gbà pé ẹ ṣì wà níbẹ̀, pé ẹ ṣì tẹ ohùn yẹn mọ́lẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ lórí ínfátà lábẹ́ aṣọ, nínú òkùnkùn. Ámúpù nìkan ni kò gbọ́, nítorí iná NEPA lòun ń jẹ. Ohun mìíràn tí mi ò sì wò ni bọ́tìnnì tó ń pín ohùn: aṣọ́lé ìjọ ti yí i sí họ́ọ̀nù orí òrùlé sílẹ̀, kó lè fi pe ìdájí.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Bàbá Ìbejì. Bàbá Ìbejì, ẹ dìde. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́?"

Mo gbọ́. Ilẹ̀ Rẹ́mọ la wà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ohùn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ké lóru, kò sẹ́ni tó ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀ mọ̀. Ó ń bọ̀ láti apá ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gòkè, ó ń kùn, ó ń lọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ajá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

"Wọn kò kéde rẹ̀," ìyàwó mi wí.

"Wọn kì í kéde gbogbo rẹ̀," mo dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin tó mọ ìdí ọ̀rọ̀. "Pa iná fóònù yẹn. Má ṣí fèrèsé o. Sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má lọ sí ẹ̀yìnkùlé."

Ó lọ sọ fún wọn. Nígbà tó padà dé, mo ti jókòó lórí ibùsùn, mo ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ohùn yìí ni èmi ń sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí. Èyí kì í ṣe nǹkan kọ̀ǹpútà. Wo bó ṣe ń yí. Kò sí òyìnbó tó lè ṣe èyí láéláé. Ohun tí mo ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì láti alẹ́ dé òru, àwọn baba wa ti ní i nílẹ̀." Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé mo mọ àdúgbò tí wọ́n ti gbé e jáde, mo dárúkọ àdúgbò náà.

Ìka mi wà lórí pákó ibùsùn, ó ń lù ú. Àṣà mi ni, bí mo bá ń gbọ́ ohunkóhun, ìka mi á máa tẹ̀ lé e. Ó gòkè, ó lọ́, ó wálẹ̀, ó dúró fẹ́ẹ́. Ó gòkè, ó lọ́, ó wálẹ̀, ó dúró fẹ́ẹ́. Ìka mi ń dé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìka mi ti ń ṣíwájú, ó mọ ibi tó kàn. Kò ṣe aṣìṣe kankan. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí pákó, mo di ẹnu mi.

Mo dìde, mo ń wá ṣòkòtò.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo kàn fẹ́ yọjú síta. Ọkùnrin ni mí."

"Ẹ fẹ́ yọjú sí Orò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù?"

Mo wo abíyá mi. Òótọ́ ni, kíbọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, wáyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá so ó padà tí mo tẹ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, tí mo sì fi í sílẹ̀, iṣẹ́ tó sọnù yóò dé. Mi ò rí ọ̀nà sọ ìyẹn fún ìyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ fún. Kò sì béèrè mọ́. Ó bo orí, ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rù ni, àfi ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo gbọ́ ẹ̀rín.

Lójú pópó, àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò dúró síbì kan, wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì lé mi lójú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù."

"Kí ni ẹ gbé lọ́wọ́?"

"Kíbọ́ọ̀dù."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Àgbà inú wọn wá ní, "Ẹ fẹ́ lọ gbè é ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa họ́ọ̀nù, nítorí mo ti ronú sí i gan-an láti ìgbà yẹn. Họ́ọ̀nù orí òrùlé kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Báàsì tí mo tò sínú kọ̀ǹpútà, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lè gba ibẹ̀ jáde; ìkùn òkè rẹ̀ nìkan ló jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìgbọ̀n ìgbì méjì tó ń figa gbága. Bí a bá ní mo fi sípíkà gidi gbé e jáde, ìlú á kàn sọ pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tún ti bẹ̀rẹ̀. Iná tó padà dé pẹ̀lú agbára kíkún, tó bá ámúpù níbi tí mo yí i sí nígbà tí kò lágbára, ló parí iṣẹ́ náà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè jókòó kó ṣètò rẹ̀ kó bọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Mo bá aṣọ́lé wa níta ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé agogo lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Bàbá Ìjọ ló wà lórí fóònù náà, wọ́n ń ka Sáàmù 91 fún un, ó ń tún un sọ. Ó ní òun kò lè wọlé, pé ohun tó wà lórí òrùlé kò tíì lọ. Mo ní, "Ẹ wá, kò sí nǹkan kan lórí òrùlé." Ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó wo mí, ó gbé fóònù sétí, ó ní, "Bàbá, ó dà bíi pé Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù mọ̀ nípa rẹ̀." Mo ṣílẹ̀kùn. Kí n tó rí ihò tí mo fẹ́ fi wáyà bọ̀, ìgboyà ti dé bá aṣọ́lé. Ó kọjá lára mi, ó ké orúkọ Jésù, ó sì fa gbogbo wáyà ara ògiri já lẹ́ẹ̀kan náà, ti ámúpù, ti ínfátà, ti fáànù. Gbogbo ìlú dákẹ́ lọ gbáà. Ajá kan ṣoṣo ni kò tíì gbọ́ pé ó ti parí.

Kò sí àkàrà ní àdúgbò wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí ẹ̀kọ, kò sí mọ́ínmọ́ín. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń gbé àwọn obìnrin ọlọ́jà lọ sí Ṣàgámù dúró ní gáréèjì, awakọ̀ rẹ̀ nìkan ló jókòó sínú rẹ̀. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ìṣọ́ òru ní ìjọ mìíràn ti wọ ilé onílé, ó jókòó sínú ibi ìdáná wọn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ wọ́n rí. Mo ronú kan Tai Ṣólàárín. Ó ti kú láti 1994, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, tí kò sì gba ìyókù náà gbọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni ì bá ti jáde lóru yẹn pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ àti fìlà, kó wá bi mí iye tí bọ́tìnnì náà wà.

Àwọn baba tí ọ̀rọ̀ kàn ránṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bàbá Ìjọ bá mi lọ. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó dùn wọ́n kọ́ ni pé mo ṣe é. Ohun tó dùn wọ́n ni pé láti aago mẹ́ta òru ni wọ́n ti ń pe ara wọn lórí fóònù, tí àdúgbò kan ń bi èkejì pé ta ló rán yín jáde láìsọ fúnni. Àwọn méjì ti bú ara wọn. Wọ́n bù mí ní obì àti ọtí, mo san án. Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó bú ara wọn, mo tọrọ.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, àgbàlagbà kan nínú wọn fi ọwọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀rọ lo ní o fi ṣe é?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá."

"Ó dára." Ó gbọn orí. "Mo dìde jókòó nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe díẹ̀, mo padà sùn. Mo ní èyí kì í ṣe ti wa."

"Kí lẹ fi mọ̀, Bàbá?"

"Kò rẹ̀ ẹ́. Bó ti wù kí apá le tó, ó ń bọ̀ wá rẹ̀ ẹ́."

Mi ò bi í pé apá ta ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé padà dé ìsọ̀, mo gbé "Good Name" sí etí. Mo gbọ́ ọ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ èèyàn kan wà níbẹ̀ tó ń pẹ́ díẹ̀ níhìn-ín, tó ń yá díẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń gbàgbé, tó ń rántí. Mo ti ń wá a nínú bọ́tìnnì. Ní 2014, David Byrne àti ọ̀pọ̀ olórin mìíràn para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Atomic Bomb!, kí wọ́n lè kọ àwọn orin Onyeabor lórí ìtàgé. Wọ́n kún orí ìtàgé. Ọkùnrin kan ní Enugu ni wọ́n ń wá. Ara tù mí díẹ̀.

Ní ti ìkórè, Bàbá Ìjọ ní ohùn dùùrù àti ti ẹ́gáànù ni kí n máa tẹ̀ títí òun yóò fi tún sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi ìgbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin wá bá mi ní ìsọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bá wọn wo fóònù wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ṣe fóònù náà.

"Bọ̀dá," wọ́n wí, "eré Ọjọ́ Ẹtì Rere tí a fẹ́ ṣe. Ibi tí Sátánì ti máa wọlé. Ohùn ọjọ́sí yẹn ni mo fẹ́. Ẹ má sọ fún Bàbá Ìjọ o."

Mo ní kò burú. Mo lọ tan kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò pa á mọ́ lálẹ́ yẹn, nítorí kì í ṣe Onyeabor, mo sì fẹ́ nù ún dànù. Aṣọ́lé ló wá bá mi nù ún. Mo so ìgbì méjì pọ̀, mo mú ọ̀kan wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báwo? Mo yí asẹ́ dé ibi tó fẹ́ súfèé. Ohun tó jáde ni ẹ̀rọ ìlọta.

Ọmọ tí wọ́n fún ní ipò Sátánì, kò tíì ju ọdún 15 lọ, ó sì mú iṣẹ́ rẹ̀ ní pàtàkì. Ó ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi bó bá ti ń bọ̀ láti ilé ìwé, á kí mi dáadáa, á dọ̀bálẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ohùn mi ńkọ́?"